Antivirus wo ni kí n rà fún ṣọ́ọ̀bù? Laptop kan, POS kan, fóònù WhatsApp kan

Aláṣọ_Òkè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Aṣọ òkè àti àǹkárá là ń tà ní Ìbàdàn. Laptop kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, Windows 10 ló wà lórí ẹ̀, Excel la fi ń kọ ọjà tó wọlé, ọjà tó jáde àti gbèsè àwọn oníbàárà. Fóònù Android kan ló ń gba WhatsApp Business, orí òun náà ni app báńkì wà. POS kan, ọmọọṣẹ́ méjì. Mo ti ya ₦40,000 sọ́tọ̀ láti fi ra antivirus. Èwo ni kí n rà?

Bàbá_Nẹ́tíwọ́ọ̀kì
Ẹ kú ọjà, mà. Ẹ mú owó yín dání ná. Microsoft Defender tó bá Windows wá tó fún irú ṣọ́ọ̀bù yín, kò sì gba kọ́bọ̀. Ẹ tẹ Start, ẹ kọ Windows Security, ẹ ṣí Virus & threat protection, kí ẹ rí i pé Real-time protection wà ní On. Ọ̀rọ̀ antivirus ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí ni pé ọ̀pọ̀ oníjìbìtì tó ń dọdẹ oníṣòwò kékeré kì í gba inú laptop wọlé. Nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì ni wọ́n ń wá. Ẹni tí nọ́ńbà yín bá bọ́ sí lọ́wọ́ á fi gba WhatsApp yín, á sì máa tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà lórúkọ yín. Ẹni tí ímeèlì yín bá bọ́ sí lọ́wọ́ á kàn máa tẹ Forgot password lórí Facebook, Instagram àti ibi gbogbo, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni password tuntun á máa já sí. Ilẹ̀kùn méjì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ tì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí WhatsApp: Settings, Account, Two-step verification, Turn on. Á ní kí ẹ yan PIN oní-nọ́ńbà 6, lẹ́yìn náà á béèrè ímeèlì. Ẹ má fo ibi ímeèlì yẹn, torí òun lẹ máa fi wọlé padà bí ẹ bá gbàgbé PIN. Kí PIN náà má jẹ́ ọdún tí wọ́n bí yín, kó má sì jẹ́ ti ATM.

Ìdí rẹ̀ rèé. Oníjìbìtì á fi nọ́ńbà yín ṣí WhatsApp lórí fóònù tirẹ̀. WhatsApp á fi kóòdù oní-nọ́ńbà 6 ránṣẹ́ sí yín nínú SMS. Ó wá pè yín: "Mà, a fẹ́ fi yín sínú ìpàdé Zoom ti ẹgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi ka nọ́ńbà tó wọlé." Nígbà mìíràn, orí WhatsApp ọ̀rẹ́ yín gan-an ni ọ̀rọ̀ náà á ti wá, torí wọ́n ti gba tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ṣèèṣì ka kóòdù fún un, tí PIN sì wà níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí.

Lẹ́yìn yẹn, ẹ wo Linked devices. Ẹ̀rọ 4 ni WhatsApp ń gbà láàyè láti so mọ́ fóònù kan. Ẹni tó bá gba fóònù yín tó ti wà ní ṣíṣí lè fi ya àwòrán QR ní ìṣẹ́jú péréte, kó sì máa ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín láti orí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èyí tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tẹ Log out.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú
Ẹ ṣé, bàbá. Mo fẹ́ fi ti síìmù kún un, torí púpọ̀ ènìyàn ló ń fi gbogbo agbára ti ojú fóònù, tí síìmù sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Bí wọ́n bá jí fóònù, olè ò nílò láti mọ PIN ojú fóònù rárá. Á yọ síìmù, á kì í bọ inú fóònù mìíràn, gbogbo OTP báńkì á máa wọlé sí i, á sì lè tẹ USSD báńkì láti orí nọ́ńbà yẹn. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni PIN síìmù.

Lórí Android, inú Settings ló wà, lábẹ́ Security tàbí Security & privacy. Ẹ wá SIM lock. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ kọ́kọ́ béèrè PIN àkọ́kọ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ni síìmù yín, kí ẹ sì gba nọ́ńbà PUK pẹ̀lú. Ẹ má fojú díwọ̀n PIN o. Bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, síìmù á tì, PUK nìkan ló lè ṣí i. Bí ẹ bá ṣi PUK tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, síìmù yẹn ti kú nìyẹn, òmíràn lẹ máa lọ gbà. Tí PIN àkọ́kọ́ bá ti ṣiṣẹ́, ẹ yí i padà sí èyí tí ẹ̀yin nìkan mọ̀.

Ohun kejì: nọ́ńbà tó wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù kò yẹ kó jẹ́ èyí tí ẹ fi ṣe BVN àti app báńkì. Gbogbo ayé ló mọ nọ́ńbà pátákó. Ẹ gba síìmù mìíràn fún báńkì, kí ẹ kì í sínú fóònù kékeré tí kì í kúrò nílé, kí ẹ sì lọ sí báńkì láti yí nọ́ńbà náà padà. Ó máa gba ìdajì ọjọ́ lọ́wọ́ yín, àmọ́ mi ò mọ ohun mìíràn tó ń dáàbò bo owó oníṣòwò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ máa kó owó ìpè sí síìmù náà, kí ẹ sì fi pe ẹnì kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí iléeṣẹ́ síìmù má baà gba nọ́ńbà náà lọ́wọ́ yín.

Bí ẹ kì í bá lo USSD báńkì, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ jẹ́ kí iye tó lè jáde lójúmọ́ kéré.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀ṣogbo
Ẹ kú àlàyé o. Bí wọ́n bá wá ti gba WhatsApp ènìyàn tán ńkọ́? Kí ni ó kọ́kọ́ ṣe?

Bàbá_Nẹ́tíwọ́ọ̀kì
Ẹ yọ WhatsApp kúrò lórí fóònù yín, ẹ tún un fi síbẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà yín, kí ẹ sì fi kóòdù SMS wọlé. Bí ẹ bá ti tẹ kóòdù yẹn, olè á jáde lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ pé ó ti fi PIN tirẹ̀ síbẹ̀. Bí ó bá ti fi PIN síbẹ̀, ẹ̀yin náà ò ní lè wọlé fún ọjọ́ 7. Òun náà ò ní wọlé. Ẹ má tìtorí pé ó ní kí ẹ dúró kí ẹ fi í sílẹ̀: kóòdù SMS tí ẹ tẹ̀ ló lé e jáde.

Bí kóòdù SMS ò bá wọlé tàbí WhatsApp ní òun máa fi ìpè sọ kóòdù, ẹ tẹ *#21# kí ẹ rí i bóyá wọ́n ti darí ìpè yín sí nọ́ńbà mìíràn. Jìbìtì kan wà tí wọ́n á ní kí ẹ tẹ kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *21* tàbí **21* tó sì ní nọ́ńbà fóònù nínú, wọ́n á ní dátà ọ̀fẹ́ ni tàbí pé wọ́n fẹ́ tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ṣe. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ìpè yín á máa lọ sọ́dọ̀ wọn, kóòdù WhatsApp tí ohùn ń kà náà á sì lọ. ##002# ló ń pa gbogbo ìdarí ìpè rẹ́.

Láàárín àsìkò yẹn, ẹ pe àwọn oníbàárà yín, kí ẹ tún fi SMS kéde. Ẹ sọ àkántì tí ẹ fi ń gba owó, kí ẹ sì sọ pé èyí tó bá yàtọ̀ sí i, kì í ṣe tiyín.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú
Tó bá jẹ́ fóònù gan-an ni wọ́n jí, báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè kí wọ́n ti àkántì pa, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó ti síìmù pa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sáré lọ sí ọ́fíìsì síìmù, wọ́n á dúró lórí ìlà níbẹ̀, owó á sì ti jáde tán kó tó kàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ báńkì ní kóòdù USSD tí ẹ lè fi fóònù ẹlòmíràn tẹ̀ láti ti àkántì pa. Ẹ béèrè tiyín lónìí, kí ẹ kọ ọ́ sí bébà, torí bí inú fóònù lẹ bá kọ ọ́ sí, fóònù náà ló bá a lọ. Ẹ tẹ *#06# pẹ̀lú, kí ẹ kọ IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù oní-nọ́ńbà 15, sí bébà kan náà. Ọlọ́pàá á béèrè rẹ̀.

Bí fóònù yín bá wà lọ́wọ́ yín, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ṣàdédé lọ pátápátá, tí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lórí iléeṣẹ́ kan náà sì ń pè, ẹ má jókòó. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti gba síìmù yín tuntun lórúkọ yín. Ẹ yá fóònù, ẹ pe báńkì.

Oní_POS_Abẹ́òkúta
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti alẹ́ẹ̀tì, torí ọmọọṣẹ́ méjì ni mà sọ pé wọ́n ń bá wọn tajà. SMS alẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ẹ̀rí owó. Orúkọ tó ń hàn lókè SMS, ènìyàn lè kọ orúkọ báńkì síbẹ̀, á sì bọ́ sáàárín àwọn SMS báńkì tòótọ́ tó ti wà níbẹ̀. Àwòrán "Transaction Successful" lórí fóònù oníbàárà náà kì í ṣe ẹ̀rí, app wà tó ń ṣe irú rẹ̀ jáde. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ni pé kí owó hàn nínú ìtàn àkántì yín.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọmọọṣẹ́ ò lè ṣí app ọ̀gá. Ohun tó dára jù ni POS tó ní nọ́ńbà àkántì tirẹ̀, tí oníbàárà máa san owó sí, tí POS náà á sì fi hàn lójú ẹsẹ̀ pé owó ti wọlé. Ọmọ á rí i, kò sì ní lè mú owó jáde. Ẹ fi PIN sí ibi tí owó ti ń jáde lórí POS, kí ẹ má fún ẹnikẹ́ni.

Bí oníbàárà bá ń bínú pé òun ti sanwó tí owó ò sì tíì wọlé, ẹ ní kó fi Session ID, nọ́ńbà gígùn tó wà lórí rísíìtì, hàn yín. Lórí owó tó gba NIP kọjá láti báńkì kan sí òmíràn, nọ́ńbà 30 ni. Nọ́ńbà 6 àkọ́kọ́ ni ti báńkì tó fi owó ránṣẹ́, 12 tó tẹ̀lé e ni ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá, méjì méjì. Owó tó jáde ní 14 Oṣù Kẹta 2025, ní aago 3:20 ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú àáyá 7, á ní 250314152007 láàárín. Bí ọjọ́ inú rẹ̀ bá jẹ́ ti oṣù tó kọjá, ẹ ti mọ̀ pé rísíìtì àtijọ́ ni wọ́n tún ṣe. Bí ó bá péye, kò tíì sọ pé owó ti wọlé o, báńkì ni kí ẹ fi nọ́ńbà náà hàn kí wọ́n fi tọpa rẹ̀. Owó tó wá láti inú báńkì kan náà lè má ní irú nọ́ńbà yìí, torí kò gba NIP kọjá.

Akọ̀wé_Òwò
Kò tíì sẹ́ni tó mẹ́nu kan Excel gbèsè yẹn. Bí laptop bá jábọ́ lónìí, ta ló máa rántí ẹni tó jẹ́ yín lówó àti iye tó jẹ? Níbí ni ₦40,000 yẹn ti wúlò.

Ẹ ra fláàṣì ojúlówó 32GB méjì. Ẹ kọ A sí ọ̀kan, B sí èkejì. Ọ̀sẹ̀ yìí, A lẹ máa fi da fáìlì kọ, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, B. Èyí tí ẹ ò lò máa wà nílé. Kí fáìlì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ lórúkọ, bíi gbese-2025-03-14, kí ẹ má fi tuntun borí àtijọ́. Nígbà tí ẹ bá ti da á kọ tán, ẹ yọ fláàṣì kúrò. Ẹ má ṣe jẹ́ kó wà lára laptop láti àárọ̀ dalẹ́, torí ransomware (fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa kó lè gbowó lọ́wọ́ yín) tó bá wọ laptop máa ń ti gbogbo ohun tó bá rí lára rẹ̀ pa, àti fláàṣì, àti hard disk tí ẹ so mọ́ ọn.

Ẹ tún fi ẹ̀dà kẹta sórí Google Drive, 15GB ni Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, fáìlì Excel yín ò sì lè tó 1GB láéláé. Ṣùgbọ́n Drive nìkan ò tó. Bí ẹ bá so fóódà laptop mọ́ ọn kó máa da ara rẹ̀ kọ, fáìlì tó bá bàjẹ́ lórí laptop á bàjẹ́ lórí Drive pẹ̀lú. Ó máa ń fi ẹ̀dà àtijọ́ fáìlì Excel pamọ́ fún ọjọ́ 30, nítorí náà bí ẹ bá tètè fura, ẹ tẹ fáìlì náà ní bọ́tìnì ọ̀tún, ẹ wá Manage versions. Lẹ́yìn ọjọ́ 30, fláàṣì yín nìkan ló kù.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ mú fláàṣì lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ ṣí fáìlì náà, kí ẹ wo orúkọ oníbàárà mẹ́ta. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí wò, ẹ ò lè gbójú lé e.

Ẹ ṣọ́ra fún fláàṣì "1TB" tàbí "2TB" olówó pọ́ọ́kú. Nọ́ńbà ara rẹ̀ irọ́ ni, ohun tó wà nínú rẹ̀ kéré púpọ̀. Fáìlì á dà bíi pé ó wọlé, orúkọ rẹ̀ á hàn, àmọ́ kò ní ṣí. Ẹ fi H2testw dán fláàṣì tuntun wò kí ẹ tó lò ó: ọ̀fẹ́ ni, ó máa kún fláàṣì náà pátá, á sì kà á padà. Ó lè pẹ́, ẹ jẹ́ kó parí.

Oníbíṣínẹ́ẹ̀sì_Sẹ́ńtà
Ẹ má gbé fláàṣì A àti B yẹn lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé o. Ẹ fi PDF ránṣẹ́ sí wọn lórí ímeèlì. Bí ó bá di dandan, kí fláàṣì ìtẹ̀wé yàtọ̀, kó má ní nǹkan mìíràn nínú.

Fáírọ́ọ̀sì tó gbilẹ̀ jù níbẹ̀ ni èyí tó ń sọ fóódà di shortcut. Ẹ á kì fláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ á rí i pé gbogbo fóódà yín ti ní ọfà kékeré nígun ìsàlẹ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ ò ju 1KB tàbí 2KB. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, torí títẹ̀ yẹn gan-an ló ń jẹ́ kó wọ kọ̀ǹpútà. Fáìlì yín ò lọ síbì kankan, ó fi wọ́n pamọ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí Defender yẹ fláàṣì náà wò. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí Command Prompt, bí lẹ́tà fláàṣì bá jẹ́ E, ẹ kọ:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Ẹ tẹ Enter, ẹ ní sùúrù, fóódà yín á padà hàn. Ẹ pa àwọn ọlọ́fà rẹ́, pẹ̀lú fáìlì tó parí sí .vbs tàbí .js tí ẹ ò mọ̀. Ẹ da fáìlì yín sórí laptop, kí ẹ sì fọ́mátì fláàṣì náà.

Aláṣọ_Òkè
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bùkún yín. Windows 10 yẹn ńkọ́? Ẹnì kan ní òun á bá mi fi Windows 11 sí i ní ₦5,000.

Bàbá_Nẹ́tíwọ́ọ̀kì
Ẹ béèrè bó ṣe fẹ́ ṣe é, mà. Microsoft dáwọ́ àtúnṣe Windows 10 dúró ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025. Wọ́n ṣí ètò ESU sílẹ̀ fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀, tó ń fún wọn ní àtúnṣe ààbò títí di 13 Oṣù Kẹwàá 2026. Inú Settings, Windows Update lẹ ti máa rí i. Láti mọ̀ bóyá laptop yín lè gba Windows 11, ẹ fi PC Health Check ti Microsoft yẹ̀ ẹ́ wò: ó gbọ́dọ̀ ní TPM 2.0 (ohun ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà), RAM 4GB ó kéré tán, àti àyè 64GB. Bí ó bá yege, ọ̀fẹ́ ni ìgbéga náà láti inú Windows Update, ẹ ò nílò ₦5,000 ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni àwọn tó ń fi activator (app tó ń ṣí Windows láìsan owó rẹ̀) ṣí Windows. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á pa Defender, torí ó ń kígbe lé wọn lórí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ, ẹ ò mọ ohun tó bá activator náà wọlé. Ní Oṣù Karùn-ún 2017, ransomware kan tó ń jẹ́ WannaCry ti kọ̀ǹpútà pa káàkiri ayé, bẹ́ẹ̀ Microsoft ti gbé àtúnṣe tó lè dí i jáde láti Oṣù Kẹta ọdún yẹn. Àwọn tí Windows wọn ò gba àtúnṣe ló jẹ ìyà rẹ̀ jù. Bí laptop yín ò bá gba Windows 11, Linux Mint, tí wọ́n ń fi rọ́pò Windows, pẹ̀lú LibreOffice á ṣí Excel yín, kò sì gba owó.

Fún àwọn ọmọọṣẹ́, ẹ ṣí àkántì tiwọn: Settings, Accounts, Other users, kí ẹ jẹ́ kó wà ní Standard User. Wọ́n á lè ta ọjà, wọ́n á lè kọ Excel, àmọ́ bí nǹkan kan bá fẹ́ wọlé sórí gbogbo kọ̀ǹpútà, password yín ló máa béèrè. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá kúrò níṣẹ́, ẹ yọ àkántì yẹn, ẹ wo Linked devices, ẹ yí password Wi-Fi àti PIN POS padà lọ́jọ́ náà gan-an.

Akọ̀wé_Òwò
Ẹ má sì jẹ́ kí ìwé ìwọ̀n àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà wà lórí tábìlì nígboro. Òfin Nigeria Data Protection Act ti 2023 kan ẹnikẹ́ni tó bá ń kó ìsọfúnni ènìyàn jọ fún òwò, oníṣọ́ọ̀bù kékeré náà wà nínú rẹ̀.

Aláṣọ_Òkè
Ìbéèrè tó kẹ́yìn. Password mi pọ̀ báyìí, mi ò lè rántí wọn. Ṣé mo lè kọ wọ́n sínú ìwé?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú
Ẹ lè kọ wọ́n, mà, bí ìwé náà bá wà nílé nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Ó sàn ju kí ẹ lo password kan ṣoṣo níbi gbogbo. Bí ẹ bá lè lo Bitwarden, app tó ń bá ènìyàn pa password mọ́, ó tún dára jù, ọ̀fẹ́ ni, password ńlá kan ṣoṣo lẹ máa rántí. Fún ìyẹn, ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára wọn tan ṣe é, láìsí àmì ohùn, bíi garawa-tolotolo-pepele-osan. Ẹ má lo èyí tí mo kọ yìí, ẹ má sì lo òwe, oríkì ilé yín tàbí orin ìjọ, torí ẹni tó mọ̀ yín lè gbìyànjú wọn.

Ẹ tan 2-Step Verification lórí Google, ẹ fi Google Authenticator ṣe é dípò SMS, kí ẹ sì tẹ Backup codes jáde. Kóòdù 10 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà 8, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ máa fa igi lé èyí tí ẹ bá ti lò. Bébà yẹn, PUK síìmù, IMEI àti kóòdù báńkì, ẹ kó wọn sínú ẹ̀ńfílópù kan náà nílé, kí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán sì mọ ibi tó wà. Kó má wà nínú báàgì tí fóònù wà.